Dororo (ánímè ọdún 2019)

Dororo jẹ́ ánímè (eré àwòrán tó ń rìn) oní-ìpín 24 tí ilé-iṣẹ́ MAPPA àti Tezuka Productions jọ ṣe ní orílẹ̀-èdè Japan. Inú mángà (ìwé ìtàn alàwòrán) Osamu Tezuka (1928–1989) tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ti mú un. Ìpín kìíní jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2019, èyí tó kẹ́yìn sì jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún náà. Amazon Prime Video ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran ilẹ̀ òkèèrè. Kazuhiro Furuhashi ni olùdarí, Yasuko Kobayashi ló to ìtàn rẹ̀, Yoshihiro Ike ló sì kọ orin abẹ́lẹ̀ rẹ̀. Hiroyuki Asada, tí òun náà ń ya mángà, ló fún àwọn ẹ̀dá ìtàn ní ìrísí tuntun. Satoshi Iwataki ló wá tún wọn yà lọ́nà tó rọrùn láti mú rìn.

Ìgbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Japan ni ìtàn náà wáyé. Ó dá lórí Hyakkimaru, ọ̀dọ́kùnrin tí bàbá rẹ̀ fi ẹ̀yà ara ọmọ náà ṣe ẹbọ fún àwọn ànjọ̀nú kí wọ́n tó bí i, àti Dororo, ọmọ òrukàn tó ń jalè jẹun. Bí Hyakkimaru bá ti pa ànjọ̀nú kan, ẹ̀yà ara tí ànjọ̀nú yẹn gbà lọ yóò padà hù sí i lára.

Mángà àti ánímè ti àtijọ́

Ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ Weekly Shōnen Sunday ni mángà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967. Wọ́n dá a dúró ní oṣù Keje ọdún 1968 láìparí, kí Tezuka tó parí rẹ̀ nínú ìwé Bōken'ō ní ọdún 1969. Àárín àwọn ìwé ọmọdé ìgbà yẹn, ó ṣókùnkùn gan-an. Orúkọ Dororo wá láti inú bí ọmọ kékeré ṣe ń ṣi ọ̀rọ̀ dorobō pè, èyí tó túmọ̀ sí olè.

Ánímè àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969. Ìpín 26 ni, dúdú àti funfun, láti ọwọ́ Mushi Production tí Tezuka fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, Gisaburō Sugii sì ni olùdarí. Láti ìpín 14 lọ, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Dororo to Hyakkimaru. Okùn kan so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: Masao Maruyama, tó dá MAPPA sílẹ̀ ní ọdún 2011, Mushi Production ló ti kọ́ṣẹ́.

Àdéhùn Daigo

Ibi tí àtúnṣe ọdún 2019 yìí ti yà kúrò lára mángà jù lọ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni agbára rẹ̀ wà. Nínú mángà, ànjọ̀nú 48 ni Daigo Kagemitsu, bàbá Hyakkimaru, bá ṣàdéhùn, ẹ̀yà ara 48 ni ọmọ náà sì pàdánù. Agbára láti jọba lé ilẹ̀ Japan lórí ni bàbá ń wá. Ìwà rẹ̀ kò ní àwáwí kankan.

Ní ọdún 2019, wọ́n dín ànjọ̀nú kù sí 12. Ìpín 24 kò lè gba ìjà 48 láì sáré kọjá lórí gbogbo wọn. Ìyípadà tó wúwo jù ni pé ẹbọ náà dà, ó sì fín. Ọ̀dá, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn ti fẹ́ pa ilẹ̀ Daigo run tán kó tó wọ Gbọ̀ngàn Ọ̀run Àpáàdì, níbi tí ère ànjọ̀nú méjìlá wà. Bí ọmọ náà ṣe ń bọ̀ sáyé ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn ará ìlú jẹ, wọ́n yó. Nígbà tí Hyakkimaru bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yà ara rẹ̀ padà, ọ̀dá àti àrùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Gbogbo ẹ̀yà tó bá gbà, ẹlòmíràn ló ń san gbèsè rẹ̀.

Nítorí èyí, Tahomaru àbúrò Hyakkimaru kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó mọ ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mọ iye ènìyàn tí ebi yóò pa bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá borí. Ìyá wọn, Nui, wà láàárín méjèèjì. Ère Kannon, òrìṣà àánú, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàdánù orí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Hyakkimaru, ìdí nìyẹn tí ẹ̀mí fi kù nínú ọmọ náà. Daigo pàṣẹ pé kí agbẹ̀bí pa á, àmọ́ agbẹ̀bí gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, odò sì gbé e lọ.

Bí wọ́n ṣe fi ojú àti etí rẹ̀ hàn

Nínú mángà, Hyakkimaru ń fi ọkàn bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí òǹkàwé kò lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Furuhashi àti Kobayashi mú èyí kúrò. Nínú àwọn ìpín ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀dá ìtàn tó ṣe pàtàkì jù kò sọ̀rọ̀ rárá, kò gbọ́ ohunkóhun, ojú rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ ọkàn nìkan ló ń rí. Tí wọ́n bá fi ohun tó ń rí hàn, gbogbo àyíká á di eérú, ènìyàn á dà bí iná funfun kékeré, ànjọ̀nú á pupa. Biwamaru, àgbà afọ́jú tó ń fi ohun èlò olókùn kọrin kiri, ń rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú; òun ló kọ́kọ́ rí i pé pupa ti ń wọ inú ọkàn Hyakkimaru fúnra rẹ̀ nígbà tí ìbínú bá gbé e.

Lẹ́yìn tí Hyakkimaru pa ànjọ̀nú tó wà nínú idà kan tó ń jẹ́ Nihil ní ìpín 4, etí rẹ̀ là. A lè rò pé ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyà ni. Etí tí kò gbọ́ nǹkan rí kò lè ya ariwo kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn: òjò, kòkòrò, ohùn ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ló rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dì etí rẹ̀ mú, kò sì lè jà dáadáa mọ́. Ohùn kan péré ló rọ̀ ọ́ lára, orin tí Mio ń kọ. Mio jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun lóru kí àwọn ọmọ òrukàn tó kó jọ lè jẹun. Inú ìtàn yìí (ìpín 5 àti 6) ni Hyakkimaru ti gba ohùn rẹ̀ padà. Nígbà tí àwọn jagunjagun pa Mio àti àwọn ọmọ náà, orúkọ Mio ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Irúgbìn ìrẹsì tí obìnrin náà fẹ́ fi dáko ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Kò sí ìpín tó dára tó èyí nínú iṣẹ́ náà.

Ọwọ́ igi àti idà

Oníṣègùn Jukai ló rí ọmọ náà létí odò, òun ló gbẹ́ ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún un. Nínú àtúnṣe yìí, Jukai ti bá ọ̀gá rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Gbígbẹ́ ẹ̀yà ara fún àwọn tí ogun gé lápá gé lẹ́sẹ̀, títí kan òkú pàápàá, ni ètùtù tó ń ṣe.

Idà wà nínú apá igi méjèèjì. Hyakkimaru á fi eyín fa apá kan yọ, irin á yọ síta láti ìgùnpá. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé bí apá ẹran ara bá padà, ohun ìjà á lọ. Àwọn tó kọ ìtàn lo èyí dáadáa lápá ìparí: ànjọ̀nú tó kù kó ojú Hyakkimaru fún Tahomaru, ó sì fún Mutsu àti Hyōgo, ẹmẹ̀wà rẹ̀, ní apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn apá Hyakkimaru gan-an ló wá ń bá a jà.

Dororo

Obìnrin ni Dororo, àmọ́ bí ọkùnrin ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Hibukuro bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí ọlọ́ṣà tó ń gbógun ti àwọn sámúráì (jagunjagun àwọn olóyè ilẹ̀ Japan); Itachi ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló dà á. Àwòrán ọ̀nà ibi tí wọ́n kó owó pamọ́ sí wà lára awọ ẹ̀yìn Dororo. Ebi ló pa Ojiya ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tó ti fi àtẹ́lẹwọ́ lásán gba ọbẹ̀ gbígbóná kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ.

Ohùn àti orin

Hiroki Suzuki ló sọ̀rọ̀ fún Hyakkimaru, òun náà ló sì ṣe Hyakkimaru nínú eré orí ìtàgé ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Rio Suzuki ni Dororo, Akio Ōtsuka ni Jukai, Naoya Uchida ni Daigo. Ẹgbẹ́ olórin Queen Bee ló kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì àkọ́kọ́, amazarashi ló kọ ti ìparí rẹ̀; Asian Kung-Fu Generation àti Eve ló gba ìdajì kejì. Ìpín 15, tí Osamu Kobayashi darí, ní ọwọ́ ìyàwòrán tó yàtọ̀ gedegbe sí ti àwọn yòókù, ó sì pín àwọn òǹwòran níyà.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Sega ṣe géèmù PlayStation 2 láti inú mángà náà ní ọdún 2004, Akihiko Shiota sì darí fíìmù rẹ̀ ní ọdún 2007. Ẹ̀dà mángà náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, láti ọwọ́ Vertical, gba Eisner, ẹ̀bùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ìwé ìtàn alàwòrán, ní ọdún 2009.