Ẹ mọ bàálù tí ẹ fẹ́ tò kí ẹ tó ra ẹ̀yà ìyípadà

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe kíìtì àwòṣe bàálù kì í ṣe gbogbo irú bàálù ajagun tó ti fò rí. Irú tí ọjà rẹ̀ yá ni wọ́n ń ṣe, ti Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ to irú tí orílẹ̀-èdè mìíràn lò ní láti wá ẹ̀yà ìyípadà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ń fi resin (oje àtọwọ́dá tí wọ́n ń dà sínú rọ́bà títí yóò fi gan), idẹ pẹlẹbẹ tàbí irin funfun ṣe, kí a lè gé apá kan kíìtì kúrò kí a sì fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Bàálù tó ń fò láti orí ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé bí ọkọ̀ tí yóò gbé bàálù bá ṣe tóbi tó ló ń pinnu ohun tí wọn yóò yí padà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Phantom, bàálù ajagun tí Amẹ́ríkà ṣe, ṣe àpẹẹrẹ. F-4J ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n pè ní FG.1, kọ́kọ́ fò ní oṣù kẹfà ọdún 1966. HMS Ark Royal tí yóò gbé e kéré sí àwọn ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà, bàálù náà sì nílò agbára púpọ̀ sí i kó tó lè gbéra níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì J79, wọ́n fi Spey ti Rolls-Royce rọ́pò rẹ̀. Spey sanra ju J79 lọ, afẹ́fẹ́ tó ń fà sì pọ̀ jù. Ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ní láti fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, ara bàálù náà fẹ̀ sí i níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ihò tí iná ń gbà jáde lẹ́yìn sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tún ṣe imú rẹ̀ kó lè ṣeé ká sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbé bàálù sókè sódò nínú ọkọ̀.

Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ra ihò ẹ̀yìn nìkan, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara F-4J, kò tíì ní Phantom Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yà ìyípadà tó bá yẹ ní láti ní ẹnu ìfafẹ́fẹ́ méjèèjì àti ìdí bàálù lódindi. Ẹsẹ̀ iwájú náà ń kọ́? Ti F-4J lè nà sókè ní 20 íǹṣì, ti FG.1 sì ń nà dé 40 íǹṣì, kí imú bàálù lè gbé sókè dáadáa nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ ta á sójú òfurufú. Ogún íǹṣì tó lé yẹn jẹ́ mìlímítà 7 lórí àwòṣe 1/72 (ìyẹn èyí tí bàálù gidi fi ìlọ́po 72 gùn jù lọ), ó sì lé ní mìlímítà 10 lórí ti 1/48. Ẹni tí kò mọ nǹkankan nípa bàálù pàápàá yóò rí i.

Ohun kejì ni kíìtì tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ẹ̀yà náà. Kíìtì méjì lè jẹ́ 1/48 kí ìbú ara wọn má sì dọ́gba, nítorí náà ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún kíìtì Hasegawa, tí ẹ gbé sórí ti ilé iṣẹ́ mìíràn, dà bí agbádá tí wọ́n wọn sí ẹlòmíràn lára. Resin tún máa ń súnkì díẹ̀ bó bá ti ń gan. Ẹ fi kálípà wọn ibi tí ẹ fẹ́ gé lára kíìtì yín, kí ẹ sì bi olùtajà ní ìbú ẹ̀yà náà kí ẹ tó sanwó.

Bí 1/72 bá ni ẹ fẹ́, lójú tèmi, ẹ má ṣe gé ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ Fujimi ti ṣe FG.1 tipẹ́, ilé iṣẹ́ Airfix sì gbé tuntun jáde ní 2017; kíìtì pípé máa ń rọrùn ju ìyípadà lọ.

Ní ti ibi tí a ti ń rí ẹ̀yà, ojúlé Scalemates ń to kíìtì àti àwọn ẹ̀yà tó bá wọn mu pọ̀, ìtàjà Hannants ní Lowestoft ń ta púpọ̀ nínú wọn, ìpàtẹ Telford tó ń wáyé nínú oṣù kọkànlá sì dára fún àwọn tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń dá irú iṣẹ́ resin bẹ́ẹ̀ ṣe. Bí rọ́bà tó fi ń dá a bá ti ya, tàbí bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ̀yà náà ti tán lọ́jà nìyẹn. Nígbà náà, àlòkù ló kù. Ẹ ní kí olùtajà to gbogbo ẹ̀yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kó ya fọ́tò wọn, kí ẹ fi wé ìwé ìlànà, torí pé ọ̀kan kékeré tó sọnù lè sọ gbogbo owó náà di asán.

Ẹ tún yan ọdún tí ẹ fẹ́. Phantom ẹgbẹ́ 892 ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní 1970 kò ní àpótí kékeré tó ń gbọ́ rédíò àwọn ọ̀tá lórí ìrù, ti 1978 sì ní in. XT596, ọ̀kan nínú àwọn Phantom Gẹ̀ẹ́sì, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yeovilton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó fínnífínní, ṣùgbọ́n bàálù ìdánwò ni, ẹ má ṣe fi gbogbo ohun tí ẹ bá rí lára rẹ̀ ṣe àwòkọ.

Nígbà tí ẹ̀yà bá dé, ẹ fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ kí ọ̀dà lè mú un. Gúlù tí a fi ń lẹ ike kì í mú resin. Súpágúlù ni kí ẹ lò. Ẹ rin sáńpépà sómi, kí ẹ sì bo imú, nítorí eruku resin kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Resin wúwo ju ike lọ, ìdí bàálù ló sì máa ń wà, nítorí náà ẹ kó òjé ìpẹja sí imú rẹ̀ kí ẹ tó pa ara méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì dọ́gba rẹ̀ wò lórí ìka kí gúlù tó gbẹ. Bí ẹ bá na ẹsẹ̀ iwájú dé òpin, irin funfun ni kí ẹ fi ṣe é, nítorí ti ike kì í pẹ́ tẹ̀ lábẹ́ òjé náà.