Bawdy yàtọ̀ sí obscene

Iṣẹ́ olóòtú ni mò ń ṣe, ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Yorùbá kọ sì pọ̀ lára ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwàdà tó ní ìsọkúsọ nínú, obscene ni wọ́n sábà máa ń kọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ obscene.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni obscene, ìyẹn ìsọkúsọ tí òfin lè tìtorí ẹ̀ múni. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi mú Lenny Bruce, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, nìyẹn ní San Francisco lọ́dún 1961. Wọ́n dá a sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ New York dá a lẹ́bi lọ́dún 1964. Ó kú lọ́dún 1966. Ọdún 2003 ni gómìnà New York tó forí jì í. Lewd, ìyẹn oníṣekúṣe, náà ń búni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ti bawdy yàtọ̀. Ara bawd ló ti jáde, ìyẹn ẹni tó ń bá ọkùnrin wá aṣẹ́wó, ṣùgbọ́n lónìí, bí wọ́n bá pe orin kan ní bawdy, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni. Ribald fara jọ ọ́, ẹ̀sín sì sábà máa ń bá a rìn.

Irreverent ló ń tan èèyàn jù. Ẹni tó ń fi ọba tàbí bíṣọ́ọ̀bù ṣe yẹ̀yẹ́ ló wà fún. Àwàdà lè jẹ́ irreverent látòkèdélẹ̀ láìdárúkọ ìdí tàbí ọmú nínú rẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni risqué, tó ń dọ́gbọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, BBC ṣe ìwé òfin fún àwọn tó ń kọ àwàdà orí rédíò: ẹ má ṣẹ̀fẹ̀ nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ bí ehoro ṣe ń gun ara wọn, ẹ má dọ́gbọ́n sọ nǹkan nípa tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra wọn. Wọ́n tiẹ̀ ka “winter draws on” léèwọ̀! Òtútù ń bọ̀ ló túmọ̀ sí, àmọ́ ẹ yára pè é: etí á gbọ́ drawers, ìyẹn pátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nípa orin ọdún Òkè’Bàdàn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ obscene. Ọjọ́ ọdún yẹn, ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ni wọ́n ń forin dárúkọ láàárín ìgboro, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kì í bínú. Bawdy ni kí ẹ lò, tàbí ribald níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹnì kan ṣe ẹ̀sín.