Lẹ́tà Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Kò Lè Gbé Oríkì

Lóṣù yìí nìkan, oníbàárà mẹ́rin ló ti na fóònù sí mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣómólú. "Ọ̀gá, ẹ wo lẹ́tà yìí, bó ṣe ga tó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ fi kọ gbogbo ìwé ètò ìsìnkú bàbá wa." Gbogbo ìwé! Láti ẹ̀yìn ìwé dórí orin!

Onyx ni wọ́n sábà máa ń fi hàn mí. Gerry Powell ló yà á fún American Type Founders, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1937, Microsoft Office ló sì kó o wọ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ wo H rẹ̀ dáadáa: òpó méjèèjì ki bí òpó ààfin, ṣùgbọ́n igi ìdábùú tó so wọ́n pọ̀ kò ju irun orí lọ. Ìran Bodoni ni, atẹ̀wé ará Ítálì tó dé Parma lọ́dún 1768. Irú ìlà wínníwínní bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ bébà dídán àti tàdáwà tí kì í ràn. Tó bá jẹ́ orúkọ kan gàdàgbà lórí pósítà, tàbí àkọlé gígùn tí àyè kò gbà, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Mo ti fi ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn. Àmọ́ ẹ má lò ó ní sáìsì 9.

Nítorí àmì orí àti ẹsẹ̀ lẹ́tà wa ni. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà; ẹ́ tó ní àmì ohùn kò ní. Lẹ́tà ẹ yẹn ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ kọ, kó tó gbé àmì ohùn lé e lórí, fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó gbé àwọn lẹ́tà náà, ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kẹ́ ẹ rí lẹ́tà ọ tó ti inú fọ́ǹtì mìíràn wá dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí àlejò tí ẹnì kan ò pè. Èyí tó bá tiẹ̀ jókòó dáadáa, tín-ín-rín ni. Tẹ́ ẹ bá wá ní kó jẹ́ funfun lórí dúdú, tàdáwà á ràn wọ inú rẹ̀, á dí i pa.

Àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ Corel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣètò ìwé títẹ̀, á ní àmì ń ba ẹwà jẹ́, wọ́n á pa á rẹ́. Irọ́ ni! Àwọn náà ló ń fi máòsì fún lẹ́tà gbòòrò pọ̀. Òpó á rù, igi ìdábùú ò ní yí padà, lẹ́tà á dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Lẹ́tà pẹ́lẹ́ńgẹ́ gidi, yíyà ni wọ́n ń yà á bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdílé kan gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá láti ibòmíràn, ọjọ́ méjì sí ìsìnkú. Mo kìlọ̀, wọ́n ní kò sáyè mọ́. Oríkì bàbá wà lójú ìwé kejì, funfun lórí dúdú: "Ọmọ ẹkùn." Nígbà tó jáde lórí ẹ̀rọ, "ekun" ló kù. Àbúrò olóògbé, ìyá arúgbó kan, gbé e sójú, ó kà á sókè: "Ọmọ ẹkún? Ta ni ọmọ ẹkún nínú ilé wa?" Ó gbé ìwé náà kalẹ̀, ó kọ̀ láti fọwọ́ kàn án mọ́.

Lóru ọjọ́ yẹn la tún un tẹ̀, lẹ́tà tó ki, dúdú lórí funfun. Ìyá fi ìka tọ àmì orí u, ó tọ ẹsẹ̀ ẹ, ó ní, "Ẹkùn. Òun nìyí."