Máínọ̀ Kì Í Gbani Síṣẹ́ Báǹkì

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà ń bi mí jù, tí àwọn òbí wọn sì máa ń dá sí láti Ìbàdàn lórí WhatsApp, ni èyí: "Ẹ̀gbọ́n, finance ni mò ń kọ́. Ṣé kí n fi máínọ̀ kan kún un, kí báǹkì lè tètè gbà mí?" Máínọ̀ ni ẹ̀kọ́ kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ kún mẹ́jọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ gan-an tó fẹ́ gba dìgírì lé lórí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ CV wò, kí n sì máa fọ̀rọ̀ wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wò. Èsì mi kì í sábà dùn mọ́ àwọn òbí nínú, nítorí wọ́n fẹ́ràn kí orúkọ ìwé ọmọ gùn bí oríkì. Ìlà kan péré ni máínọ̀ lórí CV. Ibi tí GPA (àròpín máàkì ọmọ) àti internship (iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀) wà lojú wa ń sáré lọ.

Kọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ ni kí o wò. Máínọ̀ sábà máa ń jẹ́ kọ́ọ̀sì márùn-ún tàbí mẹ́fà, bíi krẹ́díìtì 15 sí 18 nínú 120 tí wọ́n fi ń gba dìgírì. Ọmọ finance tó mú economics, ohun tó ti ń kọ́ tẹ́lẹ̀ ló tún lọ ń kọ́. Accounting yàtọ̀. Ìbéèrè kan wà tí kì í sú àwọn báǹkì: bí owó tí ilé-iṣẹ́ kan ń yọ lọ́dọọdún fún ẹ̀rọ tó ń gbó bá fi dọ́là 10 pọ̀ sí i, tí owó orí sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Èrè kí wọ́n tó san owó orí á dín ní 10, owó orí á dín ní 2, èrè tó ṣẹ́ kù á dín ní 8. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka dọ́là 10 yẹn jáde lápò. Dá a padà sórí èrè 8 tó dín yẹn, wàá rí i pé owó ọwọ́ fi 2 pọ̀ sí i. Iye ẹ̀rọ dín ní 10, owó ọwọ́ lé ní 2, ohun ìní lápapọ̀ dín ní 8, èrè tí wọ́n fi pamọ́ náà dín ní 8. Ìwé dọ́gba. Ẹni tó kọ máínọ̀ accounting sórí CV, tó wá ń wo àjà nígbà tí mo bi í, ì bá má ti kọ ọ́ rárá.

Statistics àti computer science náà wúlò fún ẹni tó ń lọ síbi trading (rírà àti títà ìpín owó) tàbí risk (wíwọn ewu tó lè bá owó). Ọmọ tó ń kọ́ ìtàn tàbí lítíréṣọ̀ ni máínọ̀ finance ń ṣe lóore jù, torí kò sí ohun mìíràn lórí ìwé rẹ̀ tó fi hàn pé kò sá fún ìṣirò.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tiyín tún le díẹ̀. OPT, àṣẹ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà yìí, ń fún yín ní oṣù 12 láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé. Ẹni tí dìgírì rẹ̀ jẹ́ STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹnjiníà àti ìṣirò) lè gba oṣù 24 sí i. Máínọ̀ computer science kò lè gba oṣù 24 yẹn fún yín, mẹ́jọ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn ilé ìwé kan ní mẹ́jọ̀ econometrics (fífi ìṣirò wádìí ọ̀rọ̀ ajé) tí nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ẹ̀kọ́ náà mọ̀ wà lára STEM, nítorí náà, ẹ yẹ nọ́ńbà tó wà lórí I-20 yín, fọ́ọ̀mù tí ilé ìwé fún yín fún físà, wò, kí ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kí ẹ tó mú ohunkóhun.

Bí GPA rẹ bá ń rá pálá nítòsí 3.5 nínú 4.0, fi máínọ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ báǹkì ńlá kì í wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Lo àkókò náà fún SIE, ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ ìpín owó, ti FINRA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò ìpín ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè ṣe é láìsí pé ilé-iṣẹ́ kankan dúró fún un. Bí o bá sì ti bẹ̀rẹ̀ máínọ̀ tó wá ń fà ọ́ sẹ́yìn, o lè já a jù sílẹ̀: dìgírì rẹ kò so mọ́ ọn.