Ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà bó bá kúrò lórí pàrábólà

Ká ní a tẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan kó rí bíi pàrábólà y = x², ìyẹn ìlà tó tẹ̀ bí abọ́, a kàn án mọ́ orí tábìlì tó tẹ́jú, a sì yí bọ́ọ̀lù irin kékeré gba inú rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún. Níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣì fara ti pákó, pákó ló ń tì í wọnú, òun ló ń mú un yà. Níbi tí pákó bá tán sí, kò sí ohun tó ń tì í mọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé yóò ṣì máa yà lọ bó ṣe ń yà bọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nínú òfin mẹ́ta tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní 1687 ni pé ohun tó ń lọ, tí agbára kankan kò sì tì tàbí fà, yóò máa lọ tààrà ni. Ìlà tààrà yẹn ni tánjẹ́ǹtì, ìlà tó fara kan pàrábólà ní ibì kan ṣoṣo láìgé e kọjá, tó sì dojú kọ ibi tí bọ́ọ̀lù dojú kọ gẹ́lẹ́ nígbà tó kúrò.

Ohun méjì la nílò láti kọ ìlà náà: ibi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò, àti ìdagẹ̀rẹ́ ibẹ̀, ìyẹn iye tí ìlà fi ń gòkè bí a bá sún ìwọ̀n 1 sí ọ̀tún. Fún y = x², ìdagẹ̀rẹ́ níbi tí x ti jẹ́ a ni 2a. Nítorí náà, tánjẹ́ǹtì tó gba (a, a²) ni y = 2ax − a². Bí pákó bá tán ní (2, 4), y = 4x − 4 ni bọ́ọ̀lù yóò gbà. Ẹni tí kò tíì kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìṣirò tí a fi ń wá irú ìdagẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, lè fi rúlà lásán yà á, torí pé tánjẹ́ǹtì máa ń gé ìlà x, ìyẹn ìlà tí y ti jẹ́ 0, ní ìdajì a: a ó so (1, 0) pọ̀ mọ́ (2, 4), a ó sì fà á síwájú. Ní ìsàlẹ̀ pàrábólà gan-an nìkan ni ọgbọ́n yìí kò ti ṣiṣẹ́, torí pé ìlà x fúnra rẹ̀ ni tánjẹ́ǹtì níbẹ̀.

Ìbéèrè tó le ni èyí tó wá láti òdìkejì: ibo ló yẹ kí pákó tán sí kí bọ́ọ̀lù tó lè gba ibi tí a fẹ́, bíi (3, 5)? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi 3 wá ìdagẹ̀rẹ́, kó ní 6 ni. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ ni 3, kì í ṣe ibi tó ti kúrò, ìdagẹ̀rẹ́ ibi tó ti kúrò la sì ń wá. A ó fi 3 sípò x, 5 sípò y: 5 = 6a − a², tó di a² − 6a + 5 = 0, ìyẹn (a − 1)(a − 5) = 0. Ìdáhùn méjì ló jáde, 1 àti 5. Tánjẹ́ǹtì méjèèjì gba (3, 5) lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń lọ sí ọ̀tún, tó dé 5 kó tó kúrò, ti kọjá 3. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni (3, 5) wà, kò sì ní padà. Nítorí náà, (1, 1) ni a ó gé pákó sí, ọ̀nà bọ́ọ̀lù sì ni y = 2x − 1. Bí ìwọ̀n 1 bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ìrìn náà jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 44.7. Bí ìyára bọ́ọ̀lù bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 0.89 ni yóò fi débẹ̀.

Ibi mìíràn wà tí tánjẹ́ǹtì kankan kò lè dé. Fún (1, 3), ìdọ́gba náà di a² − 2a + 3 = 0, bí a bá sì fẹ́ yanjú rẹ̀, −8 ló bọ́ sábẹ́ àmì gbòǹgbò (√), kò sì sí nọ́ńbà gidi tó lè jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, torí náà kò sí ìdáhùn. Inú pàrábólà ni (1, 3) wà, ìta sì ni gbogbo tánjẹ́ǹtì ń gbà.

Lórí tábìlì gidi, àárín bọ́ọ̀lù kò sí lórí pákó. Bí bọ́ọ̀lù bá fẹ̀ ní mìlímítà 10, àárín rẹ̀ yóò máa lọ ní mìlímítà 5 sí ìlà tí a yà, ní ìhà inú, láìjìnnà sí i tàbí sún mọ́ ọn. Tábìlì tó fì sí apá kan ló burú jù, torí pé yóò máa fa bọ́ọ̀lù yà kúrò lójú ìlà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi lẹ́fẹ́lì àwọn bíríkìlà wò ó. Ti pé orí tábìlì ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn kò ba ìlà jẹ́: ìyára ni ìyẹn ń dín kù.

Bọ́ọ̀lù tí a jù sójú òfuurufú yàtọ̀ pátápátá. Pàrábólà lòun náà ń yà, gẹ́gẹ́ bí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1638, ṣùgbọ́n òòfà ilẹ̀ ló ń tẹ ọ̀nà rẹ̀, òòfà ilẹ̀ kì í sì í tán bí pákó. Tánjẹ́ǹtì níbẹ̀ kàn ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù dojú kọ lásìkò yẹn ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 0.1, bọ́ọ̀lù ti wà ní sẹ̀ǹtímítà 4.9 sábẹ́ ìlà náà. Tó bá di ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, ó ti di mítà 4.9.