Ta ló ń lu agogo lábẹ́ òkun Dunwich?

Suffolk wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lọ pàdé òkun. Ìtàn abàmì pọ̀ níbẹ̀: ajá dúdú, àwọn ọmọ aláwọ̀ ewé, ìlú abẹ́ omi. Ti ìlú abẹ́ omi, ìyẹn Dunwich, ló wù mí jù, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí.

Kí ni wọ́n ń sọ nípa Dunwich gan-an?

Wọ́n ní bí ìjì bá fẹ́ jà, ẹni tó bá dúró létí òkun yóò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún láti abẹ́ omi, torí pé ìlú ńlá kan rì síbẹ̀ tòun tàwọn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ṣé ìlú kan wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ó wà, kì í sì í ṣe ìlú kékeré. Nígbà tí Ọba William ní kí wọ́n kọ ohun ìní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́dún 1086, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni wọ́n bá ní Dunwich. Yàtọ̀ sí owó, ẹja ṣáwá 68,000 ni wọ́n ń san lọ́dọọdún. Èbúté tó ń fi ẹja tó bẹ́ẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ má pè é ní abúlé.

Àmọ́ ìwé kan náà sọ ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu: ilẹ̀ oko tó jẹ́ ìwọ̀n méjì tẹ́lẹ̀ ti ku ẹyọ kan, òkun ti gbé ìkejì lọ. Òkun ti ń jẹ ìlú yìí kí ọlá rẹ̀ tó kún rárá.

Ṣé òru ọjọ́ kan ló rì ni?

Rárá o. Ibí yìí ni ìtàn àtẹnudẹ́nu ti ṣì wá lọ́nà jù. Bèbè tí ìlú náà jókòó lé kì í ṣe àpáta. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ìgbì á gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, òkè á sì ya lulẹ̀. Ìjì ńlá jà ní 1286, òmíràn jà ní 1328, òmíràn tún jà ní 1347.

Lójú tèmi, ti 1328 ló burú jù, kì í sì í ṣe tìtorí ilé tó wó. Yanrìn àti òkúta tí òkun ń wọ́ kiri lẹ́bàá etíkun ló dí ẹnu èbúté pa, odò sì wá ọ̀nà míì gbà lápá àríwá, lọ́hùn-ún lẹ́bàá Walberswick. Ọkọ̀ òkun ò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Oníṣòwò wo ló máa náwó láti dènà omi fún ìlú tí ọjà rẹ̀ ti tú? Ìlú náà ti kú kí òkun tó jẹ ẹ́ tán, jíjẹ yẹn sì gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé títí di 1832, Dunwich ṣì ń rán aṣòfin méjì lọ sí London, nígbà tí ibi tó pọ̀ jù nínú ìlú ti di ti ẹja.

Agogo yẹn wá ńkọ́?

Èmi ò gbà pé agogo kankan wà níbẹ̀. Idẹ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì, owó sì ni idẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí bèbè ń sún mọ́ díẹ̀díẹ̀, ta ló máa jókòó máa wòran kí òkun tó kó agogo rẹ̀ lọ? Ẹ wo All Saints, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ibẹ̀. Wọ́n ti pa á tì látọjọ́ pípẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú òkun ní 1904, ilé gogoro rẹ̀ ò sì ṣubú àfi ní 1919. Gbogbo àsìkò yẹn ni àwọn èèyàn ń lọ yà á ní fọ́tò. Egungun àwọn òkú ìtẹ́ rẹ̀ ń yọ lára bèbè bí gbòǹgbò igi.

Láti 2008, ikọ̀ kan láti Yunifásítì Southampton ti ń fi ẹ̀rọ tó ń lo ìró wo ìsàlẹ̀ òkun náà, torí omi ibẹ̀ rú débi pé ojú lásán ò ríran nínú rẹ̀. Òkúta ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó ti túká ni wọ́n rí. Ilé tó já láti orí bèbè kì í dé ìsàlẹ̀ lódidi. Kò sí ibi tí agogo máa so rọ̀ sí.

Kí ni wọ́n ń gbọ́, nígbà náà? Etíkun olókùúta kì í dákẹ́. Bí ìgbì bá ń padà, á máa fa òkúta wẹ́wẹ́ lọ, á máa dún ṣààràrà. Ẹni tó ti gbọ́ ìtàn agogo kó tó débẹ̀, etí rẹ̀ á bá a parí èyí tó kù.

Ajá dúdú ńkọ́?

Ìyẹn ti Bungay àti Blythburgh ni, ibi méjì míì ní Suffolk. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1577, ìjì ààrá kọlu ṣọ́ọ̀ṣì ibi méjèèjì, èèyàn sì kú. Abraham Fleming kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé ajá dúdú abàmì ló sáré wọlé láàárín ìjọ ní Bungay. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ Bungay ní tirẹ̀ sọ pé ọkùnrin méjì kú nínú ilé agogo. Kò dárúkọ ajá. Ààrá ni, ní tèmi. Síbẹ̀, àpá dúdú gígùn kan wà lára ilẹ̀kùn Blythburgh dòní, wọ́n ní èékánná ajá náà ni. Irú àpá iná bẹ́ẹ̀ wà lára igi ilé àtijọ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jọ pé àwọn èèyàn ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àbẹ́là sun ún láti lé ibi sá.

Kí ló kù láti lọ wò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street, ẹ pààrọ̀ ní Ipswich, ẹ sọ̀ ní Darsham, kẹ́ ẹ ti ibẹ̀ lọ sí Dunwich. Ẹ máa rí ògiri ilé àwọn fráyà, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń gbé pọ̀, tó sá kúrò létí òkun lẹ́yìn ìjì 1286. Ẹ wá yà sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì St James. Ẹyọ ògiri All Saints kan dúró síbẹ̀ lóun nìkan, kò gbé òrùlé kankan ró. Wọ́n gbé e kúrò létí bèbè wá síbẹ̀, kí òkun má bàa rí i.