Ìtọ́jú ọkàn òun àjọgbé: iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ti Líbíà dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àjọ tó ń tọ́jú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti Líbíà dé, ẹ yé kọ "ilera opolo" sára pátákó mọ́. Nígbà tí kò bá sí àmì ohùn lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ inú ẹrẹ̀ lẹlòmíràn máa kà á sí. Kódà bí àmì rẹ̀ bá pé pérépéré, orúkọ yẹn ń lé àwọn tí wọ́n torí wọn gbé pátákó náà kalẹ̀ ni. Lẹ́nu àwa Yorùbá, ẹni tí a bá ní ọpọlọ rẹ̀ ò pé, wèrè la pè é yẹn. Ọmọkùnrin tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó gba Agadez ní Niger kọjá, tí wọ́n tì mọ́lé ní Sabha ní Líbíà, tó wá sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù l'Ékòó tòun ti láílọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́, kò ní wọ yàrá tí wọ́n kọ ọpọlọ sí lẹ́nu ọ̀nà lójú àwọn tí wọ́n jọ dé.

Iṣẹ́ tí mò ń wí ni èyí tí àwọn àjọ ń gé kúrú sí MHPSS, ìyẹn "mental health and psychosocial support" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà tí IASC, ìgbìmọ̀ tó pa àwọn àjọ ìrànwọ́ àgbáyé pọ̀, tẹ̀ jáde ní 2007 ló sọ orúkọ náà di ti gbogbo ayé. Àwọn elétò ìlera ní ọ̀rọ̀ tiwọn, àwọn yòókù ní tiwọn, wọ́n wá so méjèèjì pọ̀. Ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìpàdé. Kò kan ẹni tí kò rí oorun sùn.

Ìtọ́jú ọkàn òun àjọgbé ni mo ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ wo "ìtọ́jú" ná. À ń tọ́jú aláìsàn, à ń tọ́jú àlejò. Ẹni tó bá ti òde àríyá dé á ní "wọ́n tọ́jú wa". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí gba dókítà, ó tún gba ẹni tó gbé abọ́ oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an nìyẹn. "Àtìlẹ́yìn" tí àwọn kan ń lò kò burú, àmọ́ àwọn olóṣèlú ti gbà á lọ́wọ́ wa. "Ọkàn" ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni: ọkàn mi ò balẹ̀, ọkàn mi gbọgbẹ́. Ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ láìtijú. Àwọn tó ń fi "ẹ̀mí" rọ́pò rẹ̀ ló ń bí mi nínú jù, torí kíákíá ni ẹbí á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ààwẹ̀ á sì gba àyè oògùn tí onítọ̀hún ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ní ti "àjọgbé", òun ni àwọn tó ń kọ "sàíkósósíà" ò rí. Ẹni tó dé yìí ní láti bá ìyá tó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀ gbé, kó bá onílé gbé, kó bá ọ̀rẹ́ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gbé. "Àwùjọ" jìnnà sí gbogbo ìyẹn. Àwùjọ là ń bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ẹni tó dé náà ńkọ́? "Àwọn tí wọ́n dá padà" ni ìròyìn ń pè wọ́n, àṣìṣe ni. Ìyẹn ni ti ẹni tí ìjọba ìlú òkèèrè fi ọlọ́pàá sìn wọ bàálù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Líbíà dé látìgbà tí ètò àjọṣe EU (ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù) àti IOM (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri) ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lóṣù kẹrin 2017 ló forúkọ ara wọn sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ máa bọ̀ nílé. Inú àhámọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti forúkọ náà sílẹ̀ ṣá o, ẹ̀yin náà mọ irú ìfẹ́-inú tí ìyẹn jẹ́. Atàjòbọ̀ ni mo ń lò. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Orúkọ yẹn ò dá ẹnì kankan lẹ́bi.

Ìlànà 2007 yẹn to iṣẹ́ náà sí ìpele mẹ́rin, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ṣe ṣóńṣó lókè. Ebè iṣu ni kí ẹ fi wò ó. Erùpẹ̀ ìdí ebè ni ààbò, oúnjẹ, ibi ìsùn, omi ìwẹ̀ àti ìwé ìdánimọ̀. Ẹbí àti ará àdúgbò ló wà lórí ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni àwọn olùgbọ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, tí wọn kì í ṣe dókítà. Dókítà ọpọlọ (ibí yìí nìkan ni mo gba "ọpọlọ" láyè) àti nọ́ọ̀sì rẹ̀ ni koríko tí àgbẹ̀ fi ń dé orí ebè. Bí kò bá sí koríko, oòrùn lè pa iṣu. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó koríko jọ síbi tí kò kọ ebè sí, kí ló fẹ́ wà? Àjọ tó bá ti ń ya yàrá olùgbọ́ sọ́tọ̀ kó tó wá ibi tí àwọn èèyàn máa sùn, koríko ló ń kó.

Iye àwọn tó nílò orí ebè kò pọ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Nínú ìṣirò tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2019, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà níbi tí ogun ti ń jà, bí 22 ló ní irú àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn, nǹkan bíi márùn-ún péré ni tiwọn sì le gan-an.

Ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, NEMA, àjọ tó ń rí sí pàjáwìrì, ní tábìlì, ìmígíréṣọ̀n ní tábìlì, NAPTIP tó ń gbógun ti àwọn tó ń kó èèyàn ṣòwò náà ní. Ìtàn kan náà ni tábìlì kọ̀ọ̀kan máa ń béèrè, oníròyìn á sì tún na ẹ̀rọ sí wọn lẹ́nu. Ohun tó ń bàjẹ́ jù nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ ò sì ná ẹnikẹ́ni lówó: kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù wò ó níbẹ̀. Omi àti oúnjẹ ló ṣáájú. Fóònù ló tẹ̀ lé e, kí wọ́n pe ilé. Ìbéèrè tí kò kan ààbò alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lè di ọ̀la.

Ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn, bí WHO ṣe là á kalẹ̀ ní 2011, iṣẹ́ mẹ́ta ló ní: wò, gbọ́, so pọ̀. Wò ó bóyá ẹnì kan ń gbọ̀n, bóyá ẹnì kan fara pa, bóyá ọmọdé kan wà tí kò lálàgbà. Jókòó kí ojú ẹ̀yin méjèèjì ṣe déédéé, kó o bi í ní ohun tó nílò báyìí. Má bi í ní ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, so ó pọ̀ mọ́ ẹbí, mọ́ ọkọ̀ tó máa gbé e lọ, mọ́ ilé ìwòsàn. Àwọn kan ṣì ń kó èèyàn jọ lọ́jọ́ tí wọ́n dé pé kí wọ́n máa ròyìn ìyà tó jẹ wọ́n kí ọkàn wọn lè fúyẹ́. WHO ti ní kí wọ́n yé ṣe é: kì í dènà ìpayà, ó sì lè mú un le sí i. Fáliọ́mù, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, náà kọ́ ni wọ́n ń fún ẹni tí jìnnìjìnnì bá láàárín oṣù àkọ́kọ́. Kò wo ìpayà náà sàn, ó sì ń di bárakú.

Fọ́ọ̀mù á bi atàjòbọ̀ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, á ní rárá, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Àmọ́ bó o bá gbọ́ "orí mi ń gbóná", "nǹkan ń rìn lórí mi", "àyà mi ń já", ìdáhùn ti dé. Àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá, torí náà ohun tó ń rò lóru ni kó o béèrè. Bó bá sọ pé ayé ti sú òun, bi í ní tààrà bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Ìpele kejì, ti ẹbí àti ará àdúgbò, ni àwọn oníṣẹ́ ń fojú fò jù. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà ní ìlú Benin. Ìbúra ojúbọ ni wọ́n fi ń de àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù mọ́lẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń bá wọn padà wálé. Lóṣù kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì gégùn-ún fún àwọn tó ń mú wọn búra, ó sì tú àwọn tó ti búra sílẹ̀. Kò sí olùgbọ́ tó lè ṣe ìyẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti ojúbọ lọ ló lè ṣe é. Gbèsè náà, ìpele kejì ni: kí wọ́n wá àgbà ẹbí tí ẹni tó yáni lówó ń bọ̀wọ̀ fún, kí wọ́n jọ dá ọjọ́ sísan, kó tó di pé onígbèsè tún fẹ́ gba Agadez lọ.

Ní ìpele kẹta, ètò PM+ ("Problem Management Plus") tí WHO gbé jáde ní 2016 ló rọrùn jù: ìjókòó márùn-ún, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n kọ́ tí ọ̀gá sì ń mójú tó. Wọn kì í lò ó fún ẹni tó ti ń gbèrò ikú. Ohun tó ń pa á ni owó ọkọ̀. Èèyàn á wá lẹ́ẹ̀mejì, á bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ìyókù á sì wọmi. Ẹ san owó ọkọ̀ náà. Ẹ sì yé pe oníṣẹ́ yẹn ní agbaninímọ̀ràn, torí bó bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, ìmọ̀ràn ni á máa rọ̀jò rẹ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tó ń dákú gìrì, tí kò jẹun tí kò sì wẹ̀, tàbí tó ti wá ọ̀nà tó fẹ́ fi pa ara rẹ̀, ó di ti orí ebè: ilé ìwòsàn Aro, Yaba tàbí Uselu. Ẹ má rán òun nìkan lọ. Ní 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Aro wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìtọ́jú ọkàn òun àjọgbé nìyẹn kí àwọn àjọ tó fún un lórúkọ. Lọ́jọ́ tí atàjòbọ̀ bá dé gan-an ni kí wọ́n ti bi í bóyá ó ń lo oògùn wárápá tàbí ti ọkàn tẹ́lẹ̀, torí dídá oògùn wárápá dúró lójijì lè dá gìrì sílẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé fún un, kí wọ́n sì fún un ní èyí tó máa gbé e dé ọjọ́ tí dókítà máa rí i.